Orúkọ Ta Ni Ẹ̀rọ Ń Pè? Ìtàn Sàkáání Orúkọ Nínú Ètò Kọ̀ǹpútà

Ní sáà kejì ọdún tó kọjá, wọ́n pe ọmọ kan ní JSS 2 jáde níwájú gbogbo wa lórí ìlà àárọ̀. Wọ́n ní ó fún àwa ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà lówó kí a lè bá a fi kún máàkì rẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ mọ̀ dájú pé kò fi iṣẹ́ àṣetiléwá kankan sílẹ̀ ní sáà náà, nítorí pé àìsàn dá a dúró sílé fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú èsì tí ètò wa tẹ̀ jáde, 18 nínú 20 ni ó wà níwájú orúkọ rẹ̀. Èmi ni mo kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ètò náà. Ẹ fojú inú wo bí ara mi ṣe rí lórí ìlà lọ́jọ́ yẹn.

Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó fún mi ní kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n "mo mọ̀" kì í ṣe ẹ̀rí. Nígbà tí a parí ẹ̀kọ́, mo lọ sí yàrá kọ̀ǹpútà, mo ṣí debugger, ìyẹn ètò tí a fi ń wo inú ètò mìíràn nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. A lè ní kí ó dá iṣẹ́ dúró lórí ìlà kan, kí ó sì sọ ohun tí ó wà nínú orúkọ kan fún wa. Ọmọ 41 ló wà nínú kíláàsì náà, mi ò sì lè jókòó máa tẹ àṣẹ kan náà nígbà 41. Nítorí náà mo kọ gbogbo àṣẹ náà sínú fáìlì kan, kí debugger máa kà á fúnra rẹ̀: dúró níbí; wò ó bóyá orúkọ tí ń jẹ́ ise_ile wà; tẹ iye rẹ̀ jáde; máa lọ. Kíá ló parí. Nígbà tí ó kan ọmọ náà, ó tẹ True jáde, ó sì tẹ 18 tẹ̀ lé e. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ náà wà, 18 ló sì wà nínú rẹ̀.

Mo fi han olùkọ́ tó ń bójú tó ẹgbẹ́ wa. Wọ́n wò ó títí, wọ́n mi orí. "Ó kúkú wà níbẹ̀," ni wọ́n wí. "Ẹnìkan ló tẹ̀ ẹ́ sí i."

Báyìí ni ìwé àṣẹ tí mo kọ láti fi gba ọmọ náà sílẹ̀ ṣe di ẹlẹ́rìí tó takò ó. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́rin kí n tó mọ̀ pé ẹ̀rọ kò parọ́, ìbéèrè tí mo bi í ni kò pé. Mo bèèrè bóyá orúkọ kan wà. N kò bèèrè orúkọ ta ni, àti ibi tí ó ti wá. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa rẹ̀, mo rí i pé àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí ti ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí àwọn òbí mi, ó sì ju ọgọ́ta ọdún lọ tí wọ́n ti ń tún un ṣe. Ìtàn náà ni mo fẹ́ sọ.

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan. Nínú ètò kọ̀ǹpútà, a máa ń fún iye kan ní orúkọ kí a lè rí i pè. Àwọn olóyìnbó ń pe irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ní variable. Ibi tí orúkọ náà ti ní ìtumọ̀, láti ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tí ó parí sí, ni èmi yóò máa pè ní sàkáání rẹ̀. Ìyá Ìbejì mẹ́ta ló wà ní àdúgbò wa. Bí mo bá dúró sínú àgbàlá wa tí mo pe "Ìyá Ìbejì!", tiwa ni yóò dáhùn. Bí mo bá dúró ní àgbàlá kejì, tiwọn ni. Bí mo bá sì pè é ní àgbàlá tí kò ní Ìyá Ìbejì kankan, èyí tó ń ta epo ní ojú títì ni yóò dáhùn láti òkèèrè, torí pé gbogbo ilé ló ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Orúkọ kan náà ni, ibi tí mo dúró sí ló yàtọ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí wàhálà orúkọ rárá. EDSAC, ẹ̀rọ tí Maurice Wilkes àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kọ́ ní Yunifásítì Cambridge, ṣe iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1949. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe àwọn àpótí tó wà nínú rẹ̀, bí ẹni ń pe nọ́ńbà ilé. Síbẹ̀ àṣìṣe kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Wilkes kọ ọ́ sínú ìtàn ayé ara rẹ̀ pé òun ń gun àtẹ̀gùn lọ́jọ́ kan nígbà tí ó yé òun pé èyí tó pọ̀ nínú ìyókù ayé òun ni òun yóò fi wá àṣìṣe inú ètò tí òun fọwọ́ ara òun kọ. Ní ọdún 1951, Stanley Gill, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tẹ ìwé kan jáde lórí bí a ṣe ń wá àṣìṣe lórí EDSAC. Ó kọ ètò kan tí yóò mú ètò mìíràn, tí yóò máa ṣe àṣẹ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì máa tẹ lẹ́tà àṣẹ kọ̀ọ̀kan jáde sórí pépà bí ó ti ń ṣe é. Kò sí ènìyàn tó ń bá a tẹ nǹkan kan. Lójú tèmi, ìwé àṣẹ mi ti JSS 2, ọmọ-ọmọ ètò Gill ni.

(Àwọn kan yóò retí kí n sọ ìtàn kòkòrò tí wọ́n rí nínú ẹ̀rọ Mark II ní Harvard ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1947, tí wọ́n fi téèpù lẹ̀ mọ́ inú ìwé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń pe àṣìṣe ní kòkòrò tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn. Thomas Edison lò ó nínú lẹ́tà ní ọdún 1878.)

Orúkọ wọlé nígbà tí èdè bí FORTRAN dé láti ilé iṣẹ́ IBM ní ọdún 1957. Lẹ́yìn èyí, ètò bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, ẹni méjì a sì máa kọ apá méjì ètò kan náà, kí àwọn méjèèjì tó lo orúkọ kan náà láìmọ̀. Ta ni yóò yí tirẹ̀ padà? Ní oṣù Kìíní ọdún 1960, ọkùnrin 13 láti ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà pàdé ní ìlú Paris láti parí èdè kan tí wọ́n pè ní ALGOL 60. Peter Naur, ará Denmark, ni olóòtú ìwé náà. Ohun tí wọ́n ṣe rọrùn, ó sì jinlẹ̀: wọ́n mọ ògiri. Wọ́n ní bí o bá kọ ọ̀rọ̀ náà begin, o ti wọ inú àgbàlá. Bí o bá kọ end, o ti jáde. Orúkọ tí o bá sọ nínú àgbàlá kò ní ìtumọ̀ mọ́ nígbà tí o bá jáde. Àgbàlá lè wà nínú àgbàlá, bí ilé nínú agbo ilé. Bí o bá pe orúkọ tí kò sí nínú ilé rẹ, wọn á wá a nínú agbo ilé tó yí i ká, láti ibẹ̀ wọn á wá a síta títí wọ́n á fi rí i.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ògiri yìí. Ká ní ètò tiwa ní irú rẹ̀ yí ìlà ọmọ kọ̀ọ̀kan ká ni, máàkì ọmọ kan kì bá ti rìn dé ọ̀dọ̀ ọmọ mìíràn.

Ní àsìkò kan náà, John McCarthy àti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń ṣe èdè mìíràn tí ń jẹ́ Lisp ní MIT. Nínú Lisp, a lè fi ètò kékeré kan rán ètò kékeré mìíràn níṣẹ́, bí ìgbà tí a bá fi ìwé rán ọmọdé. James Slagle kọ irú ètò bẹ́ẹ̀, kò ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, ó sì fi ẹjọ́ sun McCarthy. McCarthy fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé òun rò pé àṣìṣe kékeré lásán ni, pé Steve Russell yóò tún un ṣe. Kò kéré rárá. Ká ní ìyá mi fi ìwé rán mi sí ilé àbúrò rẹ̀, tí ó sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé, "Bèèrè lọ́wọ́ Bàbá Àgbà." Bàbá Àgbà wo? Ti ilé wa níbi tí wọ́n ti kọ ìwé náà ni, àbí ti ilé tí mo dúró sí nígbà tí mo kà á? Gbogbo wa mọ̀ pé ti ilé wa ni. Lisp àtijọ́ kò mọ̀. Bàbá Àgbà tó bá kọ́kọ́ bá pàdé lójú ọ̀nà ni yóò bi. Russell ṣe ohun kan tí wọ́n pè ní FUNARG, tó dà bí ìgbà tí a bá so àdírẹ́sì ilé mọ́ ìwé náà kí ó má bàa ṣìnà. Ní ọdún 1975, Gerald Sussman àti Guy Steele ṣe Scheme, ọmọ Lisp tó ń mú orúkọ láti ibi tí wọ́n ti kọ ètò, kì í ṣe láti ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún 15 kọjá láàárín ALGOL 60 àti Scheme. Ohun tí ọmọ tí a rán sí ọjà mọ̀ fúnra rẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi gbogbo àkókò yẹn yanjú.

Ní báyìí, mo fẹ́ padà sí ọ̀dọ̀ debugger, nítorí pé òun náà gbọ́dọ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lọ́tọ̀. Ní MIT kan náà, àwọn kan kọ FLIT fún ẹ̀rọ TX-0, lẹ́yìn rẹ̀ ni DDT dé fún ẹ̀rọ PDP-1 ní ọdún 1961. Oògùn apakòkòrò ni orúkọ méjèèjì. Wọ́n ń fi kòkòrò inú ètò ṣe àwàdà ni. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á, torí pé títí di òní, oògùn ẹ̀fọn tí a ń fín sínú yàrá, ohunkóhun tí wọ́n ì báà kọ sára agolo rẹ̀, "fílíìtì" ni ìyá mi àgbà ń pè é. DDT jẹ́ kí ènìyàn jókòó ti ẹ̀rọ, kí ó dá ètò dúró, kí ó sì fi orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ kọ bèèrè ohun tó wà nínú àpótí dípò nọ́ńbà. Àǹfààní ńlá ni. Ṣùgbọ́n èdè tó sún mọ́ ti ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń kọ ètò wọ̀nyẹn, orúkọ kan sì sábà máa ń jẹ́ ibì kan ṣoṣo. Ìyá Ìbejì kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo ìlú.

Nígbà tí èdè C dé láti ọwọ́ Dennis Ritchie ní ilé iṣẹ́ Bell Labs ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àgbàlá ti di púpọ̀. Nínú ètò C kan, orúkọ i lè wà ní ibi 20, kí ìkọ̀ọ̀kan sì jẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí o bá wá bi debugger pé "kí ni i?", ìdáhùn wo ni yóò fún ọ? Nítorí náà, ẹni tó ń túmọ̀ ètò sí èdè ẹ̀rọ níláti kọ ìwé kan fi ṣọwọ́ sí debugger: orúkọ yìí jẹ́ ti àgbàlá yìí, àgbàlá yìí bẹ̀rẹ̀ láti ibí títí dé ibí, inú àgbàlá yẹn ló wà. Ọ̀kan lára irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni DWARF, tó bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní àwọn ọdún 1980, tí a ṣì ń lò títí di òní. Bí igi ìdílé ni wọ́n ṣe tò ó.

Richard Stallman kọ GDB ní ọdún 1986. Mo gbìyànjú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ wa, ohun kan nínú rẹ̀ sì wù mí gidi. Bí o bá pe orúkọ tí kò sí ní ibi tí o dúró sí, kì í sọ fún ọ pé orúkọ náà kò sí láyé. Ohun tí ó máa ń kọ ni pé kò sí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ "in current context", ìyẹn ni pé, níbi tí a wà yìí. Olóòótọ́ ni irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀. O lè wá sọ fún un pé up, yóò sì gbé ọ jáde lọ sí ọ̀dọ̀ ètò tó rán èyí tí o wà nínú rẹ̀ níṣẹ́, o lè bèèrè níbẹ̀. Bí o bá sọ pé down, yóò dá ọ padà. Ẹni tó bá jókòó ti GDB, tó ń sọ up, tó ń sọ down, kò lè gbàgbé pé ibì kan ni òun dúró sí.

Ìwé àṣẹ kò jókòó. Ibẹ̀ ni ewu wà. Ènìyàn tó ń wo ojú kọ̀ǹpútà yóò rí i bí iye kan bá ṣe kàyéfì, yóò ní "Ẹ jẹ́ kí n wò ó, inú ilé ta ni mo wà yìí ná?" Ìwé àṣẹ yóò kàn tẹ iye jáde, yóò sì máa lọ. Bí ti inú ilé kò bá sí, tí ti ojú títì bá dáhùn, yóò gbà á. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2009, GDB 7.0 jáde, ó sì jẹ́ kí a lè fi èdè Python kọ ìwé àṣẹ fún un. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé ìwé àṣẹ lè bèèrè àgbàlá tí òun wà, kí ó ka gbogbo orúkọ tó wà nínú rẹ̀, kí ó sì gun òkè lọ sí èyí tó yí i ká ní ìpele-ìpele. Ó lè sọ fún ọ pé "mo rí ise_ile, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ilé yìí ni mo ti rí i." Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ gbọ́dọ̀ rántí bèèrè.

Python ni a fi kọ ètò tiwa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀. Guido van Rossum, ará Netherlands, ni ó kọ́kọ́ fi í síta ní ọdún 1991. Fún ọdún mẹ́wàá, bí ètò kékeré kan bá wà nínú òmíràn, ti inú kò lè rí orúkọ ti èyí tó yí i ká. Inú ara rẹ̀ àti ojú títì nìkan ló lè wò. Jeremy Hylton ló kọ àbá tó yí èyí padà, ó sì wọlé pẹ̀lú Python 2.1 ní ọdún 2001. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọn kò yí padà títí di òní: nínú Python, àyípo kì í ṣe àgbàlá. Bí o bá ní kí ó mú ìlà 41 lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi ohun tó bá rí sínú orúkọ kan, orúkọ kan náà ni yóò máa lò láti ìlà kìíní dé ìlà 41. Kò sí ògiri láàárín wọn. JavaScript, tí Brendan Eich ṣe ní ọdún 1995, ní irú ìwà yìí fún 20 ọdún, àfi ìgbà tí wọ́n fi let kún un ní ọdún 2015. Mo mọ̀ pé àwọn tó fẹ́ràn Python yóò sọ pé ó rọrùn bẹ́ẹ̀, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Kò kúkú rọrùn fún ọmọ JSS 2 tí wọ́n pè jáde lórí ìlà.

Debugger tó bá Python wá, pdb, ní ìṣòro tirẹ̀ pẹ̀lú. Ká ní o dá ètò dúró nínú ètò kékeré kan tó ní orúkọ ilaji tirẹ̀, tí o sì ní kí pdb ṣe ìṣirò gbogbo máàkì tó ju ilaji lọ nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Nínú Python tó wà lórí kọ̀ǹpútà wa, irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́ àtíbàbà kékeré tirẹ̀, àtíbàbà náà kì í sì rí inú ilé tí o dúró sí. Ojú títì nìkan ló ń rí. Bí ojú títì kò bá ní ilaji, pdb yóò pariwo pé òun kò mọ orúkọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ ń wò ó níwájú rẹ. Ìyẹn ṣì dára. Bí ojú títì bá ní ilaji mìíràn, yóò lò ó, kò sì ní í sọ nǹkan kan fún ọ. Bákan náà, tí o bá fi debugger yí iye orúkọ inú ilé padà, ó lè jẹ́ ẹ̀dà rẹ̀ ni o yí padà, kí ojúlówó sì wà bí ó ti wà. Àbá tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 667, tí Mark Shannon wà lára àwọn tó kọ ọ́, ló mú kí wọ́n tún èyí ṣe nínú Python 3.13 tó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Láti 1960 títí di 2024! Èmi ń ṣe ìdánwò ìparí sáà nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ debugger bí yóò ṣe mọ ilé onílé.

Nítorí náà, kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọmọ wa?

Ní ọjọ́ kẹrin, a fẹ́ ti yàrá kọ̀ǹpútà, epo jẹnẹrétọ̀ sì ti ń tán. Mi ò fẹ́ dúró de gbogbo ọmọ 41, mo bá gé fáìlì náà kù sí ìlà ọmọ yẹn nìkan, mo sì tún ètò náà ṣe lórí rẹ̀. Ètò náà kú. Ó ní NameError, pé kò sí ohun tó ń jẹ́ ise_ile. Mo wò ó bí ẹni tó rí iwin. Orúkọ tí ìwé àṣẹ mi ti búra pé ó wà, kò sí mọ́, bẹ́ẹ̀ ìlà ọmọ náà kò yí padà rárá.

Ohun tó wà ní ìdí rẹ̀ nìyí. Mo ti kọ ọ́ sínú ètò náà pé kí ó ka máàkì iṣẹ́ àṣetiléwá kí ó sì sọ ọ́ di nọ́ńbà. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí ó fò ó. Àyè ọmọ náà ṣófo, torí pé kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Òfìfo kò ṣeé sọ di nọ́ńbà, ètò sì fò ó gẹ́gẹ́ bí mo ti ní kó ṣe. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí àyípo kì í ti í ṣe àgbàlá, ise_ile ọmọbìnrin tó ṣáájú rẹ̀ nínú ìwé orúkọ ṣì jókòó síbẹ̀. Mo wo máàkì ọmọbìnrin náà: 18. Ìwé àṣẹ mi bèèrè bóyá ise_ile wà, ó sì wà láti orí ọmọ kìíní. Láti ìgbà náà lọ, kò sí bí ìdáhùn ìbéèrè mi ṣe lè jẹ́ "rárá" láé. Ìbéèrè tí kò lè gba "rárá" ni mo fi ń wá ẹ̀rí.

Mo tún ìwé àṣẹ náà kọ. Lẹ́yìn orúkọ, mo ní kí ó tẹ nọ́ńbà ìlà jáde, kí ó sì tẹ ohun tó wà nínú àyè gan-an síwájú iye tí ètò ń lò. Ó tẹ òfìfo, ó tẹ 18, àwọn méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí ìlà ọmọ náà. Mo rí ọmọ mẹ́ta mìíràn tí ọ̀rọ̀ wọn rí bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ti gba máàkì ẹni tó ṣáájú wọn láìsí ẹni tó fura. Ọ̀kan nínú wọn gba 4, ó sì yẹ kí inú bí i pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, mo gbé kíkà ìlà kọ̀ọ̀kan sínú ètò kékeré tirẹ̀, nítorí pé nínú Python, ibẹ̀ ni ògiri wà. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ bá ọmọ kan nínú rẹ̀, kò sí ohun ìní ọmọ mìíràn níbẹ̀. Àyè tó bá ṣófo, ètò yóò kọ "KÒ SÍ", yóò sì dúró de olùkọ́.

Olùkọ́ tó ń bójú tó wa gba pépà náà lọ́wọ́ mi, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n pe ọmọ náà sí ọ́fíìsì àwọn olùkọ́, wọ́n sì sọ fún un pé kò jẹ̀bi, kí ó má bínú. Èmi náà kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jẹ́ àgbà rẹ̀, torí pé ọwọ́ mi ni àṣìṣe náà ti wá. "Síníọ̀, ẹ dìde," ni ó wí, ojú ń tì í. "Mo ṣáà ti sọ pé mi ò fún ẹnikẹ́ni lówó." Máàkì rẹ̀ di òfìfo bí ó ti yẹ, wọ́n sì fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì láti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀.

Mo bèèrè bóyá wọn yóò sọ ọ́ lórí ìlà, níbi tí wọ́n ti fẹ̀sùn kàn án. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ti tán, sáà ti fẹ́ parí. Àwa mẹ́rin péré ló wà ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà. Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ló wà lórí ìlà. Lójú tèmi, kò tíì tán, ìdí sì nìyẹn tí mo fi mú ìtàn yìí wá sí ìdíje tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ wa yóò kà.